Ó Dá A Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ rí Dókítà Àìjókòó lórí àga, kó lọ wo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lára ògiri pálọ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti àga tirẹ̀ bí ẹni tó ti jẹun yó. Ìyàwó fi ìdí lé etí àga, ó di apá àga mú, ó ti ń dìde. Ẹni tó ya fọ́tò náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u, ló bá yà á bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti kọjá lórí fọ́tò yẹn, a ò sì tíì gbọ́ pé ìyàwó jókòó tán.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì mọ̀. Orúkọ gidi rẹ̀ wà lára káàdì tó so kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kà á. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé kò pé oṣù mẹ́sàn-án tó fi rìn, pé láti ìgbà náà lòun ti ń sáré tẹ̀ lé e. Lórí ìdúró ló ti ń mu tíì, lórí ìdúró ló ti ń kọ̀wé. Tó bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, á máa tún etí aṣọ ibùsùn ṣe, á máa wo bí omi dìrípù ṣe ń kán, á sì máa fi ojú kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun ti ń ronú àtikó aṣọ rẹ̀ sórí àga kan, kí òun máa kí aṣọ náà káàárọ̀, kó lè dà bíi pé òun níyàwó nílé.

Ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi. Ibùsùn méjìdínlógún ni, yàrá iṣẹ́ abẹ kan, yàrá ìgbẹ̀bí kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì onípákó sí, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ ju àwọn aláìsàn lọ. Ọsibítù ńlá ìgboro jìnnà tó wákàtí mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Nítorí náà, ohun yòówù kó ṣe ẹnikẹ́ni lágbègbè yẹn, ọ̀dọ̀ Dókítà Àìjókòó ni wọ́n ń gbé e wá: etí tó ń dun ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ọmọ, egbò ẹsẹ̀ bàbá àgbà, oyún ìyá ọmọ. Dókítà ẹbí ni wọ́n ń pe irú dókítà bẹ́ẹ̀. Kì í yan apá kan lára èèyàn, kì í sì í yan ẹnì kan nínú ilé.

Iṣẹ́ yìí náà ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dọọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìgboro máa ń rán dókítà kan tí kò tíì gbó sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé kó wá fi ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe dókítà ẹbí níbi tí ohun èlò kò ti pọ̀. Dókítà Kékeré ni gbogbo ọsibítù ń pe ẹni tó bá dé. Tẹ́ni kan bá lọ, tí òmíràn dé, orúkọ kò ní yí padà, bí aṣọ ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n bọ́ fún àbúrò. Mẹ́jọ ti dé, mẹ́jọ ti lọ. Ẹ̀kẹsàn-án ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tí à ń sọ yìí, ọmọbìnrin kan tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń tẹrí ba kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ torí pé àtẹ́rígbà ibẹ̀ rẹlẹ̀.

Gbogbo wọn ló máa ń mú ìwé kan dání wá láti ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n to gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, àyè mẹ́ta sì wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ni "ó wò ó". Èkejì ni "ó bá wa ṣe é". Ẹ̀kẹta ni "ó dá a ṣe". Olùkọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Dókítà Àìjókòó kì í jẹ́ kí ìwé ẹnikẹ́ni pẹ́ lọ́dọ̀ òun. Wéré ló ń fọwọ́ sí i, bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan. Àṣìṣe rẹ̀ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, òun gan-an kò sì kà á sí àṣìṣe. Lójú tirẹ̀, "ó dá a ṣe" kò yàtọ̀ sí "ó dá a ṣe níṣojú mi".

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Dókítà Kékeré á mú abẹ. Olùkọ́ á dúró ti èjìká rẹ̀ ọ̀tún, á ti wọ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, á ní òun kàn ń wò ni. Á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́. Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró díẹ̀ kó lè ronú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ta olùkọ́. Á ní, "Jẹ́ kí n kàn bá ọ mú un díẹ̀." Díẹ̀ yìí ló máa ń gbé ọmọ jáde, òun náà ló sì máa ń rán ojú ọgbẹ́ pa dé. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Bí ẹnì kan bá ń fi oúnjẹ ṣeré lórí tábìlì wọn, wọ́n á ní kó jẹ́ káwọn kàn bá a mú un díẹ̀. Tí iṣẹ́ abẹ bá parí, olùkọ́ á bọ́ ìbọ̀wọ́, á gba ìwé, á fọwọ́ sí àyè kẹta. Kò gbèrò àtipurọ́. Tọkàntọkàn ló fi ń ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ọsibítù. Lẹ́tà náà kò gùn. Dókítà Àìjókòó á pé ọgọ́ta ọdún ní òpin ọdún, á sì fẹ̀yìn tì. Bí kò bá sí dókítà kan tó fọwọ́ síwèé pé òun máa dúró kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n á ti yàrá iṣẹ́ abẹ pa, ẹni tó bá nílò iṣẹ́ abẹ á máa lọ sígboro. Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó tún un kà bó ṣe ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ó wá kì í bọ àpò aṣọ funfun rẹ̀. Inú àpò yẹn ló wà títí tó fi gbó. Wákàtí mẹ́ta. Ó mọ iye obìnrin tó wà láàyè lágbègbè yẹn lónìí torí pé wọn kò ní láti rin wákàtí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Dókítà Kékeré. Ṣé yóò dúró, àbí yóò bá ọ̀nà àwọn mẹ́jọ yòókù lọ? Olùkọ́ kò bi í. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá béèrè, òun á gbọ́ èsì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí fóònù ọmọ náà bá dún, olùkọ́ á rántí pé òun gbàgbé nǹkan sí ìtòsí ibẹ̀. Bí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín sí fóònù, àyà olùkọ́ á já: wọ́n ti fún un níṣẹ́ nígboro nìyẹn. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ á tún já: àárò ilé ti ń sọ ọ́. Nílé, á máa rìn láti kíṣìnì dé pálọ̀, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún á máa dún kẹ̀kẹ̀, ọkọ rẹ̀ á sì kó ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà kó má bàa tẹ̀ ẹ́. Ọkọ ní kí ló dé tí kò kúkú bi ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kò lè yé e. Ọkọ ní òun fi ọdún márùndínlógójì bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, wọn ò sì gé òun jẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ náà kò ráhùn rí. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú ilé tí wọ́n fi Dókítà Kékeré sí ti bàjẹ́ láti oṣù kejì tó dé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń rí i tó ń gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù, tó ń gbé e padà, tí omi ń ta sí bàtà rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé rẹ̀ ya, kò sọ nǹkan kan. Iná ńlá tó wà lókè tábìlì iṣẹ́ abẹ kì í dúró lójú kan, ó máa ń yẹ̀ sápá òsì. Ọmọ náà á yí ọrùn tẹ̀ lé e, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Mátírọ́ọ̀nù. Agbẹ̀bí ni Mátírọ́ọ̀nù, Dókítà fi ọdún méjì jù ú lọ, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní kó wo ọmọ yẹn, odindi oṣù mẹ́wàá, kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé eléyìí máa dúró dájú. Mátírọ́ọ̀nù ń ka ìbọ̀wọ́ sínú páálí. Ó kàn tú páálí náà dà, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún ẹ̀kọ́ ọmọ náà pé, ara Dókítà Àìjókòó kò gbà á mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn tí wọ́n wo àwọn aláìsàn òwúrọ̀ tán, ó kó ọsàn mẹ́fà sínú àpò, ó ní òun fẹ́ lọ fi sílẹ̀ fún Dókítà Kékeré nílé. Ó mọ̀ dájú ṣáká pé wọ́ọ̀dù ni Dókítà Kékeré wà. Ó kan ilẹ̀kùn nítorí ojú ayé, ó wá yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sídìí fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣíji bo ojú, ó sì wo inú yàrá.

Ó rí ibùsùn kan tí wọ́n tẹ́ gún régé, ife kan, síbí kan, àwo kan. Ògiri wà lásán, kò sí kàlẹ́ńdà, kò tilẹ̀ sí ìṣó. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni báàgì ńlá kan wà, okùn rẹ̀ dúró sókè bíi pé wọ́n ti gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Kì í sì í ṣe báàgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, torí eruku ti yí ìdí rẹ̀ ká. Ọmọ náà kò tú u láti ọjọ́ tó ti dé. Inú rẹ̀ ló ti ń mú aṣọ wọ̀, inú rẹ̀ náà ló ń dá a padà sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù ni. Ọsàn méjì já bọ́, wọ́n yí lọ sínú koríko. Dókítà ní òun mú ọsàn wá fọ́mọ ni. Mátírọ́ọ̀nù béèrè bóyá ojú fèrèsé ni ọsàn máa gbà wọlé. Nígbà míì, àwọn méjèèjì ìbá ti fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí di ọ̀sán, ṣùgbọ́n ojú Dókítà ti pọ́n. Ó nawọ́ sí báàgì náà. Ó ní ọmọ yẹn máa lọ, ó ti ń lọ láti ọjọ́ tó dé, àṣé òun kò mọ ohun tójú òun ń rí. Ó dá ọ̀nà lẹ́bi, ó dá iná lẹ́bi, ó ní ká ní òun ti tún ẹ̀rọ omi yẹn ṣe ni. Gbogbo bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé náà, ó ń tẹ ọsàn ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dókítà," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, "ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ọmọ yẹn ń fara dà á torí pé ó ti ka iye ọjọ́ tó kù fún un. Ẹ rántí ara yín. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ẹ dé ibí, òrùlé yín ń jò, ẹ ń fi abọ́ gbe omi, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá jà nítorí òrùlé?"

Dókítà ní òun kò rántí.

"Ọjọ́ kejì tí ibà dá Bàbá dùbúlẹ̀ ni."

Bàbá ni dókítà arúgbó tó kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tóun náà jẹ́ ọ̀dọ́ tó wá fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó sì rántí ọjọ́ yẹn, kò sí bó ṣe lè gbàgbé rẹ̀. Ibà mú Bàbá débi pé kò lè dá ife omi gbé. Wọ́n gbé aboyún kan dé tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò sì sí dókítà míì lórí ilẹ̀ àfi òun. Mátírọ́ọ̀nù ìsinsìnyí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré nígbà náà, ló tan iná sí i títí tó fi parí iṣẹ́. Ìyá yè, ọmọ yè. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìn ilé, ó bì, ó lóṣòó, ó sì sunkún. Níbẹ̀ ló ti pinnu pé bóun bá di olùkọ́ láyé òun, ẹni tó wà lábẹ́ òun kò ní í tọ́ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wò. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó mú kúrò nínú ọjọ́ náà. Mátírọ́ọ̀nù ló rántí ìyókù: pé nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ra kọ́tìnnì, ó fi kọ́ fèrèsé rẹ̀, ó wá lọ bá Bàbá lórí ibùsùn àìsàn, ó ní òrùlé òun ń jò, ta ló ń tún un ṣe.

"Àwọn mẹ́jọ yẹn kò ráàyè dúró sí níbí," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Gbogbo ibi tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé, ẹsẹ̀ yín ti wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Inú bí i pẹ̀lú. Ó ní ṣé kóun wá máa wòran kí wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ ni. Mátírọ́ọ̀nù fẹ́ dáhùn, àmọ́ wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọsibítù lẹ́nu géètì, àwọn méjèèjì sì sáré.

Obìnrin kan ni wọ́n gbé dé, láti abúlé kan tó jìnnà gan-an. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, àná ló ti ń rọbí. Dókítà Kékeré ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e bọ́ sílẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, ó ní orí ọmọ há, iṣẹ́ abẹ ni, wọn ò sì gbọdọ̀ pẹ́. Olùkọ́ yẹ obìnrin náà wò tẹ̀ lé e, torí kò lè ṣe kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kan náà ló bá níbẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọṣẹ dé ìgúnpá. Olùkọ́ ti ń sọ ibi tó máa kọ́kọ́ là, bó ṣe máa la ilé ọmọ, ohun tó máa ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀. Dókítà Kékeré pa omi.

"Mà," ló wí, kò gbójú sókè, "ìwé mi sọ pé mo ti dá a ṣe nígbà mọ́kànlá. Mi ò tíì dá a ṣe rí. Ibi yòówù kí n lọ lóṣù tó ń bọ̀, ìwé yẹn ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lónìí bóyá mo lè ṣe é, nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Dókítà Àìjókòó tún iye náà kà sínú. Mọ́kànlá. Òun ló fọwọ́ sí mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ojú tì í, ìtìjú náà sì gba gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo Mátírọ́ọ̀nù, Mátírọ́ọ̀nù ń so ìbòmú tirẹ̀ lẹ́yìn orí, kò wo ibi tó wà. Gbogbo ẹran ara rẹ̀ ló ń sọ pé rárá.

"Màá wà ní bẹ́ǹṣì," ló wí. Ó wá fi kún un, "Tó o bá pè mí..."

"Màá pè yín, Mà."

Ilẹ̀kùn pa dé. Aṣọ funfun rẹ̀ ti rin fún omi, ó bọ́ ọ, ó ká a mọ́ apá. Ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn padà. Ó rìn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta ló rí i pé bóun bá ń rìn báyìí, ẹsẹ̀ òun á gbé òun wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ òun. Ló bá jókòó. Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí i, ó gbé ìfọlẹ̀ rẹ̀ dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá rọra lọ pe àwọn tó wà ní yàrá káàdì kí wọ́n wá wò ó.

Ìyá obìnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ló wà ní òpin kejì bẹ́ǹṣì náà, ó gbé aṣọ ọmọ tuntun tí wọ́n ká sínú ọ̀rá lé ẹsẹ̀. Kò mọ ẹni tó jókòó tì í. Ó rí obìnrin tó ti dàgbà, tó wọ búláùsì lásán, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó sún mọ́ ọn.

"Ọmọ yín náà wà níbẹ̀?" ló béèrè.

Dókítà Àìjókòó wo ilẹ̀kùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àkọ́kọ́ rẹ̀ ni?"

"Àkọ́kọ́ rẹ̀ ni."

"Ti tèmi náà nìyẹn," ni obìnrin náà wí, ó sì tún ọ̀rá aṣọ náà gbé lé ẹsẹ̀ dáadáa.

Bí a bá ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, etí á máa ríran. Ó gbọ́ ìró àwo irin, ó mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dún. Ó ń ka ìṣẹ́jú sínú. Ó dé ibi tó yẹ kọ́mọ ké, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kà á kọjá ibẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: orí ọmọ kò gòkè, ọwọ́ Dókítà Kékeré ti dúró, ó ń ronú. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ń yí lórí itan rẹ̀, ó ń wá orí ọmọ nínú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ó já tọ́wẹ̀lì mẹ́ta kúrò lórí pẹpẹ, ó sáré wọlé padà, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ó di etí bẹ́ǹṣì mú, ó ti ń dìde.

Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, ó sì le.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá aláìsàn wí. "Bí ẹ bá dìde, ẹ̀rù á bà mí."

Ó jókòó. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí Bàbá ṣàìsàn lọ, torí lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ rí nǹkan ṣe. Ní báyìí, ọwọ́ obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ń dì mú. Ó gbàdúrà, ó gbàgbé àdúrà náà láàárín, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà ké. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ké, ó wá lágbára, ó wá bínú. Ìyá aláìsàn fi ọ̀rá aṣọ bo ojú. Dókítà Àìjókòó kò dá ọwọ́ rẹ̀ padà títí di ìgbà tí wọ́n rán ojú iṣẹ́ abẹ tán.

Nígbà tí Dókítà Kékeré ń jáde bọ̀, ó gbàgbé láti tẹrí ba, ó sì fi iwájú orí gbá àtẹ́rígbà gbàù. Ó di orí mú, ó kọjá níwájú olùkọ́ rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá aláìsàn, ó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà dáadáa, ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà wà dáadáa, obìnrin ni, kó fún òun níṣẹ́jú díẹ̀, Mátírọ́ọ̀nù á wá mú un wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan.

Ó ròyìn fún olùkọ́ pé orí ọmọ há, pé òun dúró, òun ronú, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, gbogbo wọn ń wo òun. Ó ní òun wá sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé kó ti orí ọmọ sókè láti ìsàlẹ̀, ló bá bọ́ sí òun lọ́wọ́. Dókítà Àìjókòó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ. Kò rí ohun tó máa fi kún un. Ó wá wá bírò, ó ní kó mú ìwé wá kóun fọwọ́ sí i, pé lọ́tẹ̀ yìí òun mọ ohun tóun ń fọwọ́ sí.

"Ìwé lè dúró, Mà," ni ọmọ náà wí. "Ta ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe níbí?"

Olùkọ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ bá tú jáde lẹ́nu ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní oṣù mẹ́sàn-án rèé tí ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Ó ní ẹ̀fọn ti fẹ́ gbé òun lọ torí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya. Ó ní iná orí tábìlì yẹn kò dáa, òjìji ọwọ́ òun ló ń bo ohun tóun ń wá lónìí, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ tó ti ń wú, ó ní àtẹ́rígbà yẹn náà, ta ni wọ́n ṣe é fún, ṣé àwọn aràrá ni. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ẹni tó ń fọ ilẹ̀ tún dúró.

"Mi ò lè máa gbé garawa kiri fún ọdún míì, Mà. Mi ò lè ṣe é."

Ọdún míì. Dókítà Àìjókòó gbọ́ ọ dáadáa. Orúnkún rẹ̀ dún, ìdí rẹ̀ ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀: jẹ́ kí n kàn bá ọ. Ó gbé e mì. Ó jókòó padà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ funfun tó ká sórí ẹsẹ̀, ó fa lẹ́tà ìgbìmọ̀ jáde, lẹ́tà tó ti rọ̀ bí àkísà, ó sì kọ nọ́ńbà kan sẹ́yìn rẹ̀.

"Nọ́ńbà ọ̀gbẹ́ni tó ń tún un ṣe nìyí," ló wí. "Pè é fúnra rẹ."

Dókítà Kékeré gba bébà náà. Ó yí i padà, ó ka ojú rẹ̀ kejì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kánjú. Ó tún un yí padà síbi tí nọ́ńbà wà. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ orí tó ń dùn ún.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí. "Èmi ni dókítà ọsibítù. Ẹ̀rọ omi ilé mi ló bàjẹ́."

Dókítà Àìjókòó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.